Kẹ́ẹ̀gì Kan fún Orí Kan: Bí A Ṣe Pín Omi Ládùúgbò Wa Nígbà Ọ̀dá

Òfin àkọ́kọ́ tí a ṣe nípa omi kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ọwọ́ èmi gan-an ni mo fi kọ ọ́ sára páálí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi táńkì: ilé kan, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lójúmọ́, aago márùn-ún ààbọ̀ sí aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi rọ́bà fọ mọ́tò, ẹni tó bá rú òfin yóò san ₦2,000. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni òfin náà lò kó tó fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn àdúgbò kan ti wá bi wá léèrè bí a ṣe ṣe é, mo sì ṣàkíyèsí pé ibi tí ó yọrí sí nìkan ni wọ́n máa ń béèrè. Wọn kì í béèrè ibi tí a ti ṣìṣe.

Apá Ìjókòdó n'Ìbàdàn la wà, lẹ́yìn Sángo. Ilé méjìlélógún ló wà ní òpópónà wa. Àwọn kan jẹ́ fúláàtì oníyàrá mẹ́ta. Àwọn kan jẹ́ ilé ayálégbé ayé àtijọ́, yàrá kọjú sí yàrá, balùwẹ̀ kan àti ṣáláńgá kan fún gbogbo èrò inú ilé. Nígbà tí nǹkan bá dáa, omi ẹ̀rọ máa ń yọ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Kejì, kò yọ mọ́ rárá. Àwọn kànga inú àgbàlá ti gbẹ kan ẹrẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ìyẹn kì í ṣe tuntun sí ẹni tó ti pẹ́ n'Ìbàdàn. Orí àpáta ni ilẹ̀ wa jókòó lé. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju èyí tó fara pamọ́ sínú ilẹ̀ tó bo àpáta náà àti sínú ibi tí àpáta ti sán. Bí òjò bá ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kọkànlá, kànga tí kò jìn ti ń fi ìdí hàn kó tó di oṣù Kẹta.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kò jìnnà sí wa. Nígbà ayé òyìnbó ni wọ́n dí odò Ọ̀nà níbẹ̀, tí omi rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú ní 1942. Nígbà tí ìlú fẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, wọ́n tún dí odò Ọ̀ṣun ní Asejire, lọ́nà Ifẹ̀; nǹkan bí ọdún 1972 ni ìyẹn parí. Ẹlẹ́yẹlé kan náà ló kún àkúnya lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí omíyalé gbé ilé, gbé afárá, tí àwọn tó bá a lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Omi tó ń pa èèyàn lóṣù Kẹjọ là ń fi kẹ́ẹ̀gì wá kiri lóṣù Kejì. Bàbá àgbà kan ládùúgbò ní àwa tí à ń gbé etí odò ni à ń fi itọ́ bọ́jú.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni kànga-dẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ onílé gbẹ́, pẹ̀lú táńkì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 5,000 lítà. Ẹni tó bá rí i yóò ní 10,000 lítà la ní. Irọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀rọ náà mọ̀ pé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ kò lè fa omi ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ kó tó máa fa afẹ́fẹ́. Bó bá ti ń fa afẹ́fẹ́, a gbọ́dọ̀ pa á kó má baà jó, kí kànga sinmi títí omi yóò fi sun padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, bí iná bá wà. Ó ti fi igi wọn táńkì fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn: nǹkan bí 6,000 lítà lójúmọ́. Inú ìwé kékeré kan ló kọ ọ́ sí, tó tì í sábẹ́ àga rẹ̀. Gbogbo àwa tí a jókòó ṣòfin nílé alága, kò sí ẹnì kan tó rántí láti bi í.

Ilé méjìlélógún, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá mẹ́wàá, lítà 25 nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan: 5,500 lítà. Orí kó wa yọ tí iye náà kò fi ju ohun tó wà nínú kànga lọ. Èèṣì ni.

Kí n sọ bí ìlà ṣe máa ń rí láàárọ̀. Láti aago mẹ́rin ni kẹ́ẹ̀gì ti ń tò, àwọn tó ni wọ́n kò tíì jí. Òkúta wà lórí òmíràn, aṣọ pupa wà lọ́rùn òmíràn, òmíràn sì ní àwòrán àgbélébùú tí wọ́n fi ọ̀dà yà sí i lára. Kẹ́ẹ̀gì ló ń tò fún ẹni tó ń sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì ẹlòmíràn sẹ́yìn, ariwo yóò sọ. Wọ́n ṣáà ní ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. A tún máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, mo rí ìyá méjì tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà tí wọ́n di ara wọn láṣọ mú lórí ipò keje.

Ìyá ẹlẹ́kọ ló tú òfin náà palẹ̀. Ilé ayálégbé tó ga jù ládùúgbò ló ń gbé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó dé ẹnu ọ̀nà mi ní nǹkan bí aago méje, ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì gbé bàsíà kékeré kan dání. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé bàsíà náà kalẹ̀. Omi inú rẹ̀ kò tó ìdajì.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀ sà. Omi tó kàn mí nínú ilé lónìí rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wẹ̀ fún ọmọ yìí, kí ẹ sì fi èyí tó bá kù se ọbẹ̀ kí n wò."

Mo ní, "Ìyá, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ṣáà ni ilé yín gbà."

"Mẹ́wàá ni sà. Àwa mélòó ló ń gbé ibẹ̀?"

N kò mọ̀. Mo tẹ̀ lé e, a sì jọ lọ kà á láti yàrá dé yàrá. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá láàárín wọn, lítà mẹ́jọ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́ta ló wà nílé tèmi. Lítà 83 ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, síbẹ̀ mo ti dìde nípàdé ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú pé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá kò tó mi, kí wọ́n fi méjì lé e. Ìyá náà wà nípàdé yẹn. Kò sọ ọ́ sí mi létí. Ó kàn gbé bàsíà rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀.

Ìpàdé pàjáwìrì la pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló mú ọ̀rọ̀ Cape Town wá, ìlú ńlá kan ní South Africa tí ọ̀dá bá fún odidi ọdún mẹ́ta. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2018, ìjọba ìlú náà pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ju 50 lítà omi lọ lójúmọ́: mímu, wíwẹ̀, aṣọ fífọ̀, ilé ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Ní oṣù tó ṣáájú, 87 lítà ni wọ́n fàyè gbà. Wọ́n sì ti sọ fáráyé pé bí omi adágún bá fà débi tí àwọn yóò fi ti ẹ̀rọ ilé pa, 25 lítà ni kálukú yóò máa lọ tò gbà níta. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní Day Zero. Jìnnìjìnnì rẹ̀ bo gbogbo ìlú, àmọ́ ọjọ́ náà kò dé. Àwọn ará ìlú dín omi kù, òjò náà sì rọ̀.

Ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn pé, "Ṣé Cape Town ni Ìjókòdó ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ná. Lítà márùndínlọ́gbọ̀n yẹn, ṣé kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì kan?"

Kẹ́ẹ̀gì kan ni. Ohun tí ń ba àwọn ará Cape Town lẹ́rù, tí wọ́n fún ní orúkọ, ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa kò tilẹ̀ tíì rí tó bẹ́ẹ̀ lójúmọ́. A ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ó sì mú ìwé rẹ̀ wá. Òun ló dá a lábàá pé kí a ka orí kí a tó pín ohunkóhun.

A ka orí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aago márùn-ún ààbọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lárinrin díẹ̀. Ilé kan ti fi orúkọ mẹ́rìnlá ránṣẹ́. Ẹni mẹ́sàn-án la bá níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn márùn-ún yòókù lọ sí ìsọ́ òru. A ní kò burú, kí wọ́n wá gba omi fúnra wọn bí wọ́n bá ti ibẹ̀ dé. Wọn kò dé títí tí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Bàbá onífúláàtì kan ní ọmọ ọwọ́ kò yẹ kó wọ ìṣirò nítorí ọmú ló ń mu. Ìyá ẹlẹ́kọ dá a lóhùn kí n tó la ẹnu: "Ẹ wá fọ aṣọ ìgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, sà." Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Igba ó lé mẹ́tàlélógójì ni gbogbo wa. Bí a bá pín 6,000 lítà sí 243, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan géérégé fún orí kan.

Òfin kejì kò nílò ju ìlà kan yẹn lọ. Àwọn ará Cape Town ní mítà tó ń sọ ilé tó lò jù. Àwa kò ní mítà kankan, kẹ́ẹ̀gì ni mítà wa. Orúkọ ilé, iye orí, àmì biro fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tó bá kúrò nídìí táńkì. Àwọn ọmọ iléèwé gírámà méjì ló ń mú ìwé náà, nítorí pé wọn kì í ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn òbí tiwọn.

Ibi tí ó ti kàn mí rèé. Láti kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, ilé mi bọ́ sí mẹ́ta. Táńkì kékeré kan, ti 500 lítà, wà lẹ́yìn ilé wa lórí búlọ́ọ̀kù márùn-ún. Inú rẹ̀ ni à ń da omi sí, tí ó ń ti ibẹ̀ lọ sí ilé ìgbẹ́ àti balùwẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ òfin tuntun, omi tán kó tó di ọ̀sán. Mo bínú sí ọmọ mi ọkùnrin pé ó ń wẹ̀ bí ẹja. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, ọmọ yìí kò tíì wẹ̀ láti àná." Nígbà tó di aago mẹ́wàá alẹ́, mo da kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta sí i, mo ki igi ìgbálẹ̀ bọ inú táńkì, mo fi biro sàmì síbi tí omi dé. A lọ sùn. Ní aago márùn-ún ìdájí, mo tún ki igi bọ̀ ọ́. Omi ti fi nǹkan bí ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì jí lóru. Mo ṣírò rẹ̀: ó lé ní kẹ́ẹ̀gì méjì láàárín wákàtí méje.

Mo wo gbogbo ara páìpù, kò sí ibi tó tutù. Púlọ́ńbà kan ló kọ́ mi ní ohun tí n kò gbọ́ rí. Ó ní kí n ra sobo tútù, èyí tó pupa dáadáa, kí n dà á sínú àpótí omi tó wà lẹ́yìn àga ilé ìgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ̀n ọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ mi, mo ń wo inú àga náà bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára funfun tánńganran náà, kò pariwo, kò sì dá. Rọ́bà tó dí ìdí àpótí náà ti gan, kò bá ojú ihò rẹ̀ mu mọ́. Bóyá ó ti tó ọdún kan tó ti ń jò bẹ́ẹ̀. Nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tí mo ń gbà lábẹ́ òfin àkọ́kọ́, nǹkan bíi mẹ́jọ ló ń gba ibẹ̀ lọ sínú sọ́kàwéè lójoojúmọ́. Mo ronú kan bàsíà ìyá ẹlẹ́kọ.

Mo sọ ọ́ nípàdé. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, kò sí onífúláàtì tó máa jẹ́ kí n wọ ilé ìgbẹ́ rẹ̀. Ilé mẹ́sàn-án ló ní irú àga ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀. A gbé sobo kiri gbogbo wọn. Mẹ́rin ló ń jò. Rọ́bà mẹ́rin la rà ní Dùgbẹ̀, púlọ́ńbà kan náà sì fi ọ̀sán kan ṣoṣo pààrọ̀ wọn. Ẹnu ẹ̀rọ tó wà lára táńkì àdúgbò pàápàá ń kán tó-tó-tó; a gbé bàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì kan. Omi tó yẹ ẹnì kan fún odidi ọjọ́ kan ni. A tún ṣe é.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń fi omi mímọ́ fọ̀n ilé ìgbẹ́ mọ́. Omi tí wọ́n fi wẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ṣan aṣọ ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Fífọ̀n ẹ̀ẹ̀kan lára àwọn àga àtijọ́ yẹn máa ń gba lítà mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn méjì bá fọ̀n ọ́n láàárọ̀, kẹ́ẹ̀gì ẹnì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹni tí òfin wa kò lè mú ni ọ̀gá kan tó ní kànga-dẹ̀rọ tirẹ̀ nínú ọgbà. Láràárọ̀ ni dírẹ́bà rẹ̀ ń fi rọ́bà fọ mọ́tò méjì, tí omi ń ṣàn jáde lábẹ́ géètì gba iwájú àwọn tó tò síbi táńkì. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lọ gba rọ́bà náà. Alága ní kí a má dán an wò. Ilé onílé ni, omi olómi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin olùtọ́jú ẹ̀rọ ti ṣàkíyèsí ohun kan: lálẹ́ tí ọ̀gá náà bá tan ẹ̀rọ tirẹ̀, ó máa ń pẹ́ gan-an kí kànga tiwa tó sun padà, lọ́jọ́ tó bá rìnrìn àjò, ẹ̀rọ wa máa ń fà ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Ó ti kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Bí ihò méjì bá wà lórí àpáta kan náà tí wọn kò sì jìnnà síra, inú ìkòkò kan ni àwọn méjèèjì ti ń bù.

Alága àti èmi lọ kí i nírọ̀lẹ́. A kò mú ọ̀rọ̀ òfin lọ. Alága ní, "Ẹ kú ilé sà. Omi yín ni, owó yín lẹ fi gbẹ́ ẹ, a ò lè pín in fún yín. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀." Ó ṣí ìwé náà hàn án. Ọ̀gá náà wò ó títí, ó yẹ ojú ewé náà síwá sẹ́yìn. Ó béèrè ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, pé òun yóò máa fa omi lọ́sàn-án nígbà tí tiwa bá ti parí, kí dírẹ́bà sì máa fi omi bàkẹ́ẹ̀tì kan àti àkísà nu mọ́tò. Ó mú ìlérí náà ṣẹ, àfi ọjọ́ méjì kan tó ní àlejò.

Owó ìtanràn ₦2,000 yẹn, ẹnikẹ́ni kò san án rí. Àwọn tó rú òfin kò ní i lọ́wọ́. Àwọn tó ní i lọ́wọ́ kì í tò. Ìjìyà tó ṣiṣẹ́ ni kí a gbé kẹ́ẹ̀gì ẹni tó bá rú òfin lọ sẹ́yìn ìlà. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ṣe é fún àǹtí onídìrí kan, gbogbo àdúgbò sì ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi omi ṣòwò ló mú wa jiyàn jù. Ìyá ẹlẹ́kọ, ìyá onírẹ́sì, àǹtí onídìrí: kẹ́ẹ̀gì kan kò lè ṣe iṣẹ́ wọn. Lọ́wọ́ àwọn mẹ́ẹ̀rúwà, iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì kan ti di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. A fohùn ṣọ̀kan pé bí omi bá ṣẹ́kù lẹ́yìn aago mẹ́jọ, kí àwọn oníṣòwò rà á ní owó táṣẹ́rẹ́, kí owó náà lọ sórí iná àti àtúnṣe ẹ̀rọ. Ẹnì kan tilẹ̀ ń ta ìpín tirẹ̀ fún aládùúgbò. Àwọn kan ní kí a fòfin dè é. Èmi ní ìpín rẹ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ wà láìwẹ̀ nítorí owó, kó máa bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, akápò kò gbà pẹ̀lú mi.

A kò fi ọ̀rọ̀ ìlera ṣeré. Àwọn kànga inú àgbàlá tí omi díẹ̀ ṣẹ́kù sí, a ní kí wọ́n máa fi fọ aṣọ àti ilẹ̀ nìkan, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ló sún mọ́ ṣáláńgá jù. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti onígbáméjì kì í jìnnà sí irú omi bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀ràn bá wá le débi pé ẹnì kan fẹ́ mu nínú rẹ̀, kó kọ́kọ́ hó lórí iná dáadáa.

Òjò gidi àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìparí oṣù Kẹta, lálẹ́. Gbogbo ilé ló tú síta pẹ̀lú bàsíà, ìkòkò àti ike. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà péré ló tò síbi táńkì, kò sì sí ẹni tó jà. Àwọn ọmọ méjì tó ń mú ìwé jókòó síbẹ̀ títí di aago mẹ́jọ láìrí ẹni kọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ inú ilé wa ń fọn fèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà omi tú jáde, ó dúdú bí omi àgbo. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí páìpù bá ti ṣófo fún ìgbà pípẹ́: ìpẹtà àti ẹrẹ̀ tó wọlé láti ibi tó sán ló ń kọ́kọ́ jáde, kò ṣe é mu, kò ṣe é wẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a máa ń ṣí i sílẹ̀ kó ṣàn lọ sínú gọ́tà títí yóò fi mọ́. Mo na ọwọ́ kí n ṣí i tán. Ìyàwó mi ní, "Ẹ dúró ná, Bàbá wọn," ó lọ gbé bàkẹ́ẹ̀tì ilé ìgbẹ́ wá, ó sì tì í sábẹ́ rẹ̀.